Mbari Mbayo: bí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo ṣe bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí kò jẹ́ kó parun

Orin ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1961, Dúró Ládiípọ̀, tí í ṣe tíṣà ní Òṣogbo, kọ orin Àjíǹde fún ìjọ rẹ̀, ó sì fi ìlù ìbílẹ̀ sí i. Inú àwọn kan nínú ìjọ kò dùn sí i rárá. Ó gbé orin náà lọ sí Ìbàdàn, sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Mbari tí Ulli Beier, olùkọ́ ọmọ Jámánì, àti àwọn òǹkọ̀wé bíi Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe àti Christopher Okigbo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún náà gan-an. Ohun tó rí níbẹ̀ wù ú fún ìlú tirẹ̀.

Ní 1962, òun àti Beier sọ ilé ọtí tí Ládiípọ̀ ní di Mbari Mbayo. Igbo ló ni ọ̀rọ̀ Mbari, ṣùgbọ́n etí Yorùbá ni àwọn ará Òṣogbo fi gbọ́ ọ: ḿbá rí i, ḿbá yọ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Ibi tí wọ́n fi í sí ṣe pàtàkì. Àárín àwọn ará àdúgbò ló wà, níbi tí wọ́n ti mọ ọ̀nà dé tẹ́lẹ̀. Àwòrán wà lára ògiri, eré orí ìtàgé ń lọ nínú ọgbà: Ọba Mòrò ní 1962, Ọba Kò So ní 1963. Ẹni tó wá wo eré kò ní ṣàì rí àwòrán. Títí di òní, àfihàn tí wọ́n bá gbé lọ sí gbọ̀ngàn tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá sábà máa ń dá wà lẹ́yìn ọjọ́ ìṣíde.

Inú ẹgbẹ́ òṣèré Ládiípọ̀ yìí náà ni ọ̀pọ̀ àwọn ayàwòrán ti jáde. Òṣèré ni Jacob Afọlábí, Rufus Ògúndélé àti Múráínà Oyèlámì. Jímọ̀ Buraimoh ló ń bójú tó iná ìtàgé. Ní tiwa, ohun tó gbé ẹgbẹ́ náà ró ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ nìyí: eré ló ń fún wọn lóúnjẹ, kò sì di dandan kí àwòrán kan tà lọ́sẹ̀ yìí kí ẹni tó yà á tó jẹun. Ẹgbẹ́ tó bá gbé gbogbo ìnáwó rẹ̀ lé títa àwòrán kì í pẹ́ tú ká, nítorí oṣù púpọ̀ lè kọjá kí olùrà kan tó yọjú.

Denis Williams, ọmọ Guyana, ló ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, ní 1962 àti 1963. Ru van Rossem láti Netherlands kọ́ni ní àwòrán títẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1964, Georgina Beier, ayàwòrán tó di ìyàwó Ulli, ṣe èyí tó mú Twins Seven-Seven, Múráínà, Bísí Fábùnmi àti Buraimoh jáde. Oníjó ni Seven-Seven tẹ́lẹ̀, olóògùn kan ló ń jó fún kí ó tó dé ibẹ̀. Wọn kò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọn kò sì fún wọn ní àwòrán ẹlòmíràn láti dà kọ. Lẹ́yìn tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà parí, Georgina kò pa ìlẹ̀kùn dé. Àwọn tí ọwọ́ wọn mú iṣẹ́ ń wá, wọ́n ń rí ohun èlò lò. Èyí ni ọ̀pọ̀ tó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lónìí máa ń gbàgbé.

Kò pẹ́ tí kálukú fi mú ọ̀nà tirẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ni Buraimoh mú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa ìlà àwòrán sórí pákó tó ti gbẹ dáadáa, torí pákó tútù yóò tẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ yóò sì re. Yóò sín ìlẹ̀kẹ̀ sórí òwú, yóò fi gọ́ọ̀mù pa ibi kékeré kan, yóò tò ó tẹ̀ lé ìlà kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ. Tó bá fi gọ́ọ̀mù pa gbogbo pákó lẹ́ẹ̀kan, ìdajì rẹ̀ yóò ti gbẹ kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀.

Línò, ohun pẹlẹbẹ tí a ń gbẹ́ láti fi tẹ àwòrán sórí bébà, ni Afọlábí àti Fábùnmi gbẹ́. Ẹ sá línò sóòrùn díẹ̀ kí ó lè rọ̀ fún ọ̀bẹ. Ohun tó wà lápá ọ̀tún yóò bọ́ sí òsì lórí bébà, nítorí náà òdì ni a ń gbẹ́ lẹ́tà. Bí íńkì bá pọ̀ jù, yóò dí àwọn ìlà tín-ín-rín pa.

Alágbẹ̀dẹ ni Àṣírù Ọlátúndé. Bàbà ló kọ́kọ́ ń lù sí àwòrán, kó tó mú páànù alumíníọ̀mù ńlá. Bí a bá lu ojú kan náà léraléra, páànù yóò ya.

Nínú igbó Ọ̀ṣun, Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, kó ẹgbẹ́ mìíràn jọ láti tún ojúbọ ṣe. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó di ẹni tó ń fi sìmẹ́ǹtì mọ ère. Kàsálì Àkàngbé ń gbẹ́ igi, Buraimoh Gbàdàmọ́sí ń gbẹ́ òkúta. Ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, àjọ UNESCO sì fi igbó náà sínú àkójọ ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Òjò àti gbòǹgbò kì í sinmi níbẹ̀: omi ń gba ojú sísán wọ inú sìmẹ́ǹtì, irin inú rẹ̀ ń dípẹtà, ó ń wú, ó sì ń la ère náà. Ẹni tó bá lẹ sìmẹ́ǹtì tuntun mọ́ ojú sísán láìha ìpẹtà kúrò lára irin yóò tún padà ṣe é.

Beier fi Nàìjíríà sílẹ̀ kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀. Ládiípọ̀ kú ní 1978. Ilé Mbari Mbayo kò lágbára mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ kò parẹ́, nítorí àwọn tó jáde níbẹ̀ ti ń kọ́ ẹlòmíràn nílé tiwọn. Nike Okundaye ṣí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, ó ń kọ́ni ní àdìrẹ àti bàtíìkì lọ́fẹ̀ẹ́. Múráínà dá ibi tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìràgbìjí.

Àdàkọ ló ba púpọ̀ jẹ́. Nígbà tí àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún ọwọ́ Seven-Seven, àwọn ọ̀dọ́ tó lè dá ọwọ́ ara wọn ní bẹ̀rẹ̀ sí í ya ti ẹlòmíràn, iye owó iṣẹ́ gbogbo wọn sì já wálẹ̀. Ó dùn wá, torí Georgina kò kọ́ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni àìkọ̀wé. Kí iṣẹ́ tó kúrò nílé lọ sí àfihàn, ẹ kọ orúkọ ayàwòrán, ọdún, ìwọ̀n àti ohun èlò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ìwé méjì tí iye owó, ìdá ti olùtà àti ọjọ́ ìdápadà wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ mú ọ̀kan. Ẹ gbé àárín àwòrán kọ́ ní nǹkan bíi 150 sẹ̀ǹtímítà sókè láti ilẹ̀, kí ẹ sì fi ègé igi kékeré sí ẹ̀yìn férémù kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, nítorí ògiri Òṣogbo máa ń tutù lásìkò òjò, ikán sì ń gba ibẹ̀ wọ bébà.