Gbígba Ọ́síjìn Padà Nínú Ọkọ̀ Gbalasa Òfuurufú, àti Ìdí Tí A Fi Ń Dán An Wò Níbi Tí Nǹkan Kò Ti Wúwo

Bí a bá ṣí ìgò ẹlẹ́rìndòdò, ìhó kéékèèké inú rẹ̀ a máa sáré gòkè, nítorí pé omi wúwo jù wọ́n lọ, òòfà ilẹ̀ sì ń fa omi náà sísàlẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó ń yí ayé po, níbi tí ènìyàn àti ẹrù ti ń léfòó, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. Ibi tí ìhó bá ti yọ ló máa ń fẹ́ dúró sí.

Inú omi ni wọ́n ti ń rí ọ́síjìn tí àwọn tó ń gbé ní Ibùdó Òfuurufú Àgbáyé ń mí sínú. Ẹnì kan ń lo nǹkan bíi kílógíráàmù 0.84 lójúmọ́, ẹrù tó wọ́n láti máa fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé lọ. Nítorí náà, wọ́n ń fi iná mànàmáná ya omi sí ọ́síjìn àti háídírójìn. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì tí wọ́n mí jáde ni a ń pò mọ́ háídírójìn yìí nínú ẹ̀rọ gbígbóná, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ síbẹ̀ ní 2010. Omi á jáde, gáàsì mẹ́tẹ́ènì á sì jáde pẹ̀lú rẹ̀. Orúkọ Paul Sabatier, ará Faransé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1912, ni a fi ń pe ọ̀nà náà. Omi ọ̀hún ni wọn yóò tún yà. Ṣùgbọ́n mẹ́tẹ́ènì ni wọ́n ń tú dànù síta, ó sì ń kó háídírójìn lọ, tó fi jẹ́ pé nǹkan bí ìdajì ọ́síjìn inú èémí náà ló ń padà.

Ẹ̀rọ tó ń ya omi, tó ṣiṣẹ́ geere lórí tábìlì, lè kọṣẹ́ lókè, nítorí pé ìhó gáàsì tó lẹ̀ mọ́ irin tí iná ń gbà kọjá kì í jẹ́ kí omi kan irin náà mọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dán an wò níbi tí nǹkan kò ti wúwo. Ní Bremen, ní Jámánì, wọ́n ní ilé gogoro kan tó ga ní mítà 146, níbi tí wọ́n ti ń ju àpótí ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 4.7 láìwúwo, bí wọ́n bá ta á sókè láti ìsàlẹ̀, á tó 9.3. Bàálù tó ń gòkè tó sì ń já wálẹ̀ léraléra ń fúnni ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 lẹ́ẹ̀kan.

Lójú tèmi, ẹ̀tàn díẹ̀ wà nínú ti bàálù: kí àìwúwo tó dé, àti bí ó bá ti parí, ohun gbogbo inú rẹ̀ a máa wúwo tó bí ìlọ́po méjì, ìwúwo yìí a sì máa ṣí ìhó tó ti lẹ̀ kúrò. Bí irin yóò ṣe rí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà láìsí ìgbálẹ̀ yẹn, inú Ibùdó fúnra rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè rí i.