Igún Kalifóníà

Igún Kalifóníà (Gymnogyps californianus) ni ẹyẹ orí ilẹ̀ tí apá rẹ̀ gùn jù lọ ní Àríwá Amẹ́ríkà. Tó bá na apá rẹ̀ méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 3. Òkú ẹran ló ń jẹ, orí rẹ̀ sì pá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ìdílé kan náà pẹ̀lú gúnnugún ilẹ̀ Yorùbá. Ó lè lò tó ọdún 60 láyé.

Òjé ló ṣe é lọ́ṣẹ́ jù. Bí ọdẹ bá yìnbọn fún àgbọ̀nrín, ọta olójé a fọ́ wẹ́wẹ́ sínú ẹran náà. Ìfun tí ọdẹ dà sílẹ̀ nínú igbó, àti ẹran tó gbọta tó sì sá lọ kú, ni igún ń rí jẹ. Bíńtín òjé tó wà níbẹ̀ ti tó láti dá ikùn rẹ̀ dúró: oúnjẹ kò ní lè kọjá mọ́, ẹyẹ náà á máa rù títí tí yóò fi kú. Yorùbá ní gúnnugún kì í kú léwe. Ní Kalifóníà, òjé sọ ọ̀rọ̀ yẹn dirọ́.

Ní 1982, 22 péré ló ṣẹ́ kù. Àwọn kan ní ó sàn kí irú ẹyẹ náà parun pẹ̀lú iyì ju kó máa gbé inú àhámọ́ lọ. Ìjọba kò gbà. Ní oṣù Ẹ̀pírílì 1987, wọ́n mú èyí tó kẹ́yìn nínú igbó. Gbogbo wọn jẹ́ 27, wọ́n sì pín wọn sí ọgbà ẹranko ní San Diego àti Los Angeles.

Ẹyin kan ṣoṣo ni abo máa ń yé, ó sì sábà máa ń tó ọdún méjì kó tó yé òmíràn. Àmọ́ bí wọ́n bá yọ ẹyin náà kúrò lábẹ́ rẹ̀, á yé òmíràn dípò rẹ̀. Èyí tí wọ́n yọ, ẹ̀rọ ló ń bá a sàba. Tó bá ti pa, olùtọ́jú kì í jẹ́ kí ọmọ rí ojú òun. Á ki ọwọ́ bọ ọmọlangidi tí wọ́n ṣe bí orí igún, tòun ti orí pípá àti ẹnu kíkọ, á nà án gba ojú ihò wọlé, á sì fi ẹnu rẹ̀ bọ́ ọmọ náà, kó má baà ka ènìyàn sí ìyá.

Ìyẹn nìkan kò tó. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tú sílẹ̀ ní 1992, wáyà iná mànàmáná ṣekú pa àwọn kan. Wọ́n wá ri òpó ayédèrú mọ́ inú àhámọ́; ẹyẹ tó bà lé e, iná díẹ̀ á ta á. Wọ́n tún fi àgbà igún sáàárín àwọn ọmọ, nítorí ọmọlangidi kò lè báni wí.

Lónìí, wọ́n ti lé ní 500, ó sì lé ní ìdajì wọn tó wà nínú igbó. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń mú wọn lóòrèkóòrè láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Èyí tí òjé ti wọ̀ lára, wọ́n á gbé e padà sí ọgbà ẹranko lọ gba oògùn. Láti 2019 ni òfin ti de ọdẹ ní gbogbo Kalifóníà láti má lo ọta olójé mọ́. Ní Arizona, níbi tí irú igún yìí wà pẹ̀lú, wọ́n kàn ń bẹ àwọn ọdẹ ni, wọ́n sì ń fún wọn ní ọta tí kò ní òjé lọ́fẹ̀ẹ́.