"Bí Ọta Bá Ti Wọlé, Ó Ti Bá Ìbọn Mu": Irọ́ Tó Ń Fa Ọ̀pá Ìbọn Ya

Bí èèyàn bá wọ ilé ọdẹ ní Òmù-Àrán, ní Òrò, ní Àjàṣẹ́-Ìpo tàbí ní àwọn ìlú Èkìtì tó wà lábẹ́ Kwara, kì í pẹ́ kó tó rí ìbọn àtijọ́ tí wọ́n fi kọ́ ògiri. Ṣakabùlà ni òmíràn. Òmíràn sì jẹ́ ìbọn ọlọ́ta, ọ̀pá kan tàbí ọ̀pá méjì, tí àwọn bàbá ti rà láyé òyìnbó, tí igi ìdí rẹ̀ ti dúdú nítorí epo àti òógùn ọwọ́. Ọmọ tó bá jogún irú ẹ̀ a máa fẹ́ràn rẹ̀, ó sì yẹ kó fẹ́ràn rẹ̀, torí iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wá béèrè irú ọta tó ń lò. Èsì tó máa ń gbọ́ ni pé: "Ki ọta sí i kí o wò. Bó bá ti wọlé, tí ìbọn sì pa dé, ó ti bá a mu nìyẹn."

Irọ́ ni. Ìka ọwọ́ àti ojú ni èèyàn fi ń san gbèsè irọ́ yìí.

Ohun tó jẹ́ kó rọrùn láti gbà gbọ́ ni pé bó ṣe rí nìyẹn lára ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn. Kọ́kọ́rọ́ tí kì í ṣe ti àgádágodo kì í ṣí i. Bàtà tó kéré kì í gba ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ọta, ìyẹn ihò tí ọta máa ń jókòó sí ní ìdí ọ̀pá ìbọn, kò dà bí àgádágodo. Bí ọta ṣe fẹ̀ tó nìkan ló lè yẹ̀ wò. Kò mọ bí èèpo rẹ̀ yóò ṣe gùn tó nígbà tó bá là tán, kò mọ irú ẹ̀tù tó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ iye ipá tí ẹ̀tù náà yóò ta.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí gígùn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ mú ọta 12-bore kan (nọ́ńbà tó ń sọ bí inú ọ̀pá ìbọn ṣe fẹ̀ tó) tí wọ́n kọ 70 mm sí lára. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n nígbà tí a kò tíì yìn ín: yóò wà ní nǹkan bíi mílímítà 58 sí 60. Lẹ́yìn tí ẹ bá yìn ín tán, ẹ mú èèpo rẹ̀ tó ṣófo, kí ẹ tún un wọ̀n. Ó ti di 70. Ìdí ni pé wọ́n ká ẹnu èèpo náà pọ̀ sínú, bí ìgbà tí a bá fi ewé di ẹ̀kọ. Ìgbà tí iná bá ta sí i ló tó tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Gígùn tí wọ́n kọ sí ara páálí ọta jẹ́ gígùn èèpo tó ti là, kì í ṣe ti èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Ọ̀pọ̀ ìbọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ló jẹ́ pé ilé ọta wọn kò ju íǹṣì 2½ lọ, ìyẹn bíi mílímítà 65. Ọta 70 tó ṣì ká ẹnu pọ̀ á wọ inú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ìbọn á sì pa dé láìjanpata. Ṣùgbọ́n ní òpin ilé ọta ni ọ̀fun wà, níbi tí ihò ti ń fún kó tó bọ́ sínú ọ̀pá gan-an. Nígbà tí èèpo bá ń là, ẹnu rẹ̀ á na wọ inú ọ̀fun yẹn, á sì tún mú kí ibẹ̀ fún sí i. Hóró òjé àti ohun tó ń tì wọ́n á wá máa fipá kọjá níbi tó ti há, ipá tí kò ráyè jáde níwájú á sì padà sẹ́yìn, síbi tí ìbọn ti ń ṣí, lẹ́bàá ojú ẹni tó ń yìn ín.

Ìbọn náà lè má bẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bóyá lọ́jọ́ ọgọ́rùn-ún pàápàá. Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ nìyẹn. Ẹnì kan á ní bàbá òun fi irú ọta bẹ́ẹ̀ pa ọ̀yà fún ogún ọdún. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ẹ gba ìbọn bàbá náà kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: igi ìdí rẹ̀ ti sán wẹ́rẹ́ lẹ́yìn irin, ibi tó ti ń ṣẹ́ ti dẹ̀, ẹnu èèpo tó ń yọ jáde sì rí jákujàku bí etí aṣọ àkísà. Ìbọn náà ti ń sọ̀rọ̀ tipẹ́. Ọta 76 mm tí wọ́n kọ MAGNUM sí ni ó burú jù, torí yàtọ̀ sí pé ó gùn, ẹ̀tù àti òjé tó wà nínú rẹ̀ tún pọ̀ ju ti ìyókù lọ.

Kí ẹ tó yin ìbọn tí ẹ jogún tàbí tí ẹ rà, ẹ ṣí i kí ẹ rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Ẹ yọ igi iwájú, kí ẹ bọ́ ọ̀pá kúrò lára ìdí, kí ẹ fi àkísà àti epo díẹ̀ nu abẹ́ ọ̀pá náà dáadáa. Ibẹ̀ ni àmì ìdánwò wà. Ìlú òyìnbó ní ilé tí wọ́n ti ń fi ọta alágbára dán ìbọn wò kí wọ́n tó tà á. Ti Birmingham ti wà láti ọdún 1813, ti London sì ti wà ṣáájú rẹ̀. Ti Liège ní Belgium máa ń tẹ lẹ́tà ELG sínú àmì tó rí bí ẹyin. Bí ẹ bá rí NITRO PROOF lára ìbọn Gẹ̀ẹ́sì, tàbí lẹ́tà BNP tàbí NP lábẹ́ adé lára àwọn tí wọ́n dán wò lẹ́yìn ọdún 1954, a jẹ́ pé wọ́n fi ẹ̀tù ìgbàlódé dán an wò. Bí kò bá sí, ẹ kà á sí ìbọn ẹ̀tù dúdú, kí ẹ má sì ki ọta inú páálí sí i rárá. Lára àwọn tí wọ́n dán wò lẹ́yìn ọdún 1954, ẹ ó máa rí gígùn ilé ọta, bíi 2½ tàbí 2¾, pẹ̀lú ìwọ̀n ipá, bíi 3 TONS.

Àmì yẹn ò tó o. Ohun tó ń jẹ́rìí sí ni bí ìbọn ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, kò mọ ohun tí alágbẹ̀dẹ kan ti fi fáìlì ṣe sí i ní ogójì ọdún lẹ́yìn ìgbà náà. Nítorí náà, ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ ti rúlà irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ilé ọta láti ẹ̀yìn, kí ẹ kọjú ẹnu ọ̀pá sí ojú ọ̀run. Ẹ ó rí òrùka òjìji kan níbi tí ilé ọta ti parí. Iye tó bá wà lórí rúlà níbẹ̀ ni gígùn rẹ̀. Bí ọ̀pá ṣì ṣe kọjú sí ìmọ́lẹ̀ yẹn, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀. Òjìji tó bá yí po bí òrùka láàárín ọ̀pá fi hàn pé ó ti wú níbẹ̀ rí. Ẹ má rà á. Ẹ wá fi okùn so ọ̀pá náà rọ̀ láti ara irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi èékánná ta á. Bó bá dún gooro bí agogo, ó dára. Bó bá dún bí ìkòkò tó ti sán, ohun tó lẹ ọ̀pá méjèèjì pọ̀ ti ń ṣí.

Bí rúlà bá sọ 65, ọta 65 mm tó fúyẹ́ ni kí ẹ máa wá, èyí tí òjé inú rẹ̀ kò ju gíráàmù 28 lọ. Bó bá jẹ́ pé 70 nìkan lẹ rí rà, ìbọn yẹn á máa wà lára ògiri ni, a ò ní fi bò fún yín.

Nípa fífẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni ká tẹnu mọ́, torí pé ewu rẹ̀ yára ju ti gbogbo ìyókù lọ. Nọ́ńbà ìbọn wá láti ara òjé: bí a bá fi òjé pọ́n-ùn kan, bíi gíráàmù 454, rọ bọ́ọ̀lù méjìlá tó dọ́gba, bọ́ọ̀lù kan yóò fẹ̀ tó inú ọ̀pá 12-bore, ìyẹn mílímítà 18.5. Bí a bá fi rọ ogún, wọ́n á kéré. Ìdí nìyẹn tí 20 fi kéré sí 12. Bí ọta 20 bá ṣèèṣì bọ́ sínú ìbọn 12, á yọ̀ kọjá ilé ọta, á lọ há sí ọ̀fun. Ọdẹ á fà á, kò ní dún. Á ṣí i, á rí i pé ilé ọta ṣófo, á rò pé òun ò tíì ki nǹkan kan sí i, á sì ki ọta 12 lé e. Ọ̀pá á ya gẹ́lẹ́ níbi tí ọwọ́ òsì ti dì í mú. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ọta fi ń ṣe èèpo 20 ní àwọ̀ òféèfèé bí pupa inú ẹyin adìẹ. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀ sínú àpò ọdẹ kan náà láé.

Ti ṣakabùlà tiẹ̀ wá yàtọ̀, torí kò ní ilé ọta rárá. Ohun tí a bá dà sí i ló gbà. Ẹ̀tù dúdú, èyí tí wọ́n fi èédú, imí ọjọ́ àti iyọ̀ ẹ̀tù pò, ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn kan ń gé ọta òyìnbó, wọ́n á da ẹ̀tù inú rẹ̀ sínú ṣakabùlà, wọ́n ní ó mọ́ jù, kì í rú èéfín. Bí ẹ bá da ẹ̀tù yẹn díẹ̀ sórí òkúta tí ẹ ṣáná sí i, á rọra jó ni, kódà ẹ̀tù dúdú yóò yára jù ú lọ. Ìyẹn náà ń tan èèyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá sé e mọ́ inú irin, bí ipá ṣe ń pọ̀ ni jíjó rẹ̀ ń yára sí i, ipá rẹ̀ á sì kọjá ohun tí ọ̀pá tí alágbẹ̀dẹ fi páìpù ṣe lè gbà. Ìwọ̀n ìdérí tí ẹ fi ń wọn ẹ̀tù dúdú kò wúlò fún un.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà, tí òfin ibẹ̀ gbà láàyè láti máa ra rìfọ́fà àtijọ́ jọ, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ tí àgbá ọta rẹ̀ ń yí, náà ń gbọ́ irọ́ yìí. Nílé ńbí, òfin ìbọn ti ọdún 1959 ka rìfọ́fà àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tó jẹ́ èèwọ̀ fún aráàlú, kódà èyí tó ń fi òkúta ìbọn ṣáná. Ìbọn ọlọ́ta àti ṣakabùlà náà sì ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Ẹ má gbé irú ẹ̀ bọ̀ wálé.

Àwọn tó ṣe ọta rìfọ́fà tó ń jẹ́ .357 Magnum ní ọdún 1935 mọ̀ pé ọta tó bá wọlé ni èèyàn yóò yìn. Ìbú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti .38 Special, ipá rẹ̀ sì tó ìlọ́po méjì. Wọ́n wá mọ̀ọ́mọ̀ fi bíi mílímítà mẹ́ta lé gígùn èèpo rẹ̀ kó má baà wọ ìbọn .38. Ó ṣiṣẹ́, àfi lára àwọn rìfọ́fà Colt kan láti bí ọdún 1892, tí wọ́n lu ihò wọn tààrà láìsí ọ̀fun. Ọta magnum wọ ìyẹn dáadáa. Ẹni tó bá yìn ín níbẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ewu.

Ẹni tó bá ra magnum àtijọ́ gidi, bíi Combat Magnum tí Smith & Wesson gbé jáde ní 1955, tí a wá mọ̀ sí Model 19, á tún gbọ́ pé kó máa lo ọta tó fúyẹ́ kí ìbọn má baà gbó. Òdì kejì ló jẹ́ òótọ́. Wọ́n fá abẹ́ ìdí ọ̀pá ìbọn yẹn pẹrẹsẹ kí àgbá tó ń yí lè ráyè pa dé, irin ibẹ̀ sì tín-ín-rín. Ọta 125 grain, bíi gíráàmù 8, kúrú, ẹ̀tù ẹ̀yìn rẹ̀ sì pọ̀. Iná rẹ̀ ló máa ń jẹ ibẹ̀ títí á fi sán. Èyí tó wúwo, 158 grain, ló ṣàánú ìbọn jù. Fún ìgbádùn ọjọ́ Sátidé, .38 Special tó. Ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ tó kúrú máa ń fi òrùka èérí sílẹ̀ nínú ihò. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì bàbà fọ̀ ọ́ kúrò kí ẹ tó ki magnum sí i. Nígbà tí ẹ bá ń rà á, tí kò sì sí ọta nínú rẹ̀, ẹ fà á díẹ̀díẹ̀ kí ẹ máa wo àgbá: ó gbọ́dọ̀ ti dúró gírí kí òòlù tó dé òpin. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín àgbá àti ọ̀pá pẹ̀lú. Bó bá ti lé ní ìdámẹ́rin mílímítà kan, iná á máa fọ́n jáde níbẹ̀.

Yálà ìbọn ọdẹ ni o, yálà rìfọ́fà, ẹ máa yọjú wo inú ọ̀pá kí ẹ tó yìn ín lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé kò nílò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láti dí ẹnu ìbọn tó wà lára ògiri. Bí ẹ bá sì fà á lórí oko, tó bá dún "pùù" dípò "gbòlà", ẹ kọjú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ṣí i, ẹ yọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀pá ìnubọn gba inú rẹ̀ já láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun kí ọta mìíràn tó wọlé.