Kí Ẹ Tó Ra Àpótí Irinṣẹ́ fún Oníṣẹ́ Sáìtì

Bí fíríìdọ̀m ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ẹbí á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Ìyá ọmọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nígbà míì bàbá tó wà l'Ékòó. Ìbéèrè wọn kì í yàtọ̀: "Ọ̀gá, àpótí irinṣẹ́ wo ni ká rà fún un?" Wọ́n á ti rí ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lágéré, onírọ́bà dúdú, ó ga, ó ní táyà méjì nídìí, ó ń dán. Èmi náà á bi wọ́n pé, "Kí ni yóò máa fi gbé e débi iṣẹ́?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń dákẹ́.

Oníná ni mí ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kan káfíńtà, púlọ́ńbà, onítáìsì àti bíríkìlà náà. Àpótí ńlá kan ṣoṣo tí wọ́n kó gbogbo irinṣẹ́ sí ló ń dá oníṣẹ́ sáìtì lágara jù. Ẹ pín ẹrù yẹn sí mẹ́ta: èyí tó ń bá a rìn lójoojúmọ́, èyí tó ń sùn ní sáìtì títí iṣẹ́ á fi parí, àti èyí tó ń gbélé títí wọ́n á fi nílò rẹ̀. Owó àpótí gàgàrà yẹn lè tó fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ bá fọgbọ́n rà á.

Ọ̀nà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀m, ọ̀kadà ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. Láàárọ̀ ó lè wà ní Sábó, lọ́sàn-án kí wọ́n pè é sí Parakin, kí ilẹ̀ tó ṣú kó ti dé ojú ọ̀nà Ẹdẹ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé tí wọn ò dáwọ́ dúró. Àpótí gíga ò ṣeé gbé sáàárín ẹsẹ̀ lórí ọ̀kadà, kò sì ṣeé so mọ́ ẹ̀yìn. Táyà tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ kéré, yanrìn sáìtì ló máa gbé e mì. Mo ti rí ọmọkùnrin tó gbé àpótí onítáyà rù wọ sáìtì, tí táyà ń yí lófìífo létí rẹ̀.

Báàgì ni kí ẹ rà fún ẹni tó ń wọ ọ̀kadà. Ẹ wá èyí tó ṣeé gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà líle, kó lè dá dúró lórí ilẹ̀ tútù láìṣubú. Ẹ yí inú rẹ̀ síta ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ wo ibi tí okùn èjìká ti pàdé ara báàgì. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ran ibẹ̀, ẹ dá a padà. Ó yẹ kí wọ́n ran án ní àrántúnrán, kí wọ́n sì fi irin kékeré kàn án mọ́lẹ̀. Síìpù ló máa ń tètè kú lára irú báàgì yìí, torí eruku sìmẹ́ńtì ń wọ inú eyín rẹ̀, tí omi bá sì kàn án, ó gan síbẹ̀ nìyẹn. Síìpù eléyín ńlá ló ń pẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ la fi ń gbọn eruku kúrò nínú rẹ̀ lálẹ́.

Ohun tó ń wọ báàgì ojoojúmọ́ ò gbọ́dọ̀ pọ̀. Ti oníná: pláyà, tẹ́sítà, sùkúdíráfà bíi mẹ́ta, ọ̀bẹ tá a fi ń bó wáyà, mítà tá a fi ń wọn iná, tépù, òòlù kékeré, pẹ́ńsùlù. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àpò tirẹ̀, kó má sì kúrò níbẹ̀ láé. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ní ìrọ̀lẹ́, tí ilẹ̀ ti ń ṣú tí kálukú ń kánjú àtilọ, kò sẹ́ni tó ń ka irinṣẹ́. Àpò tó ṣófo ló máa sọ pé tẹ́sítà ṣì wà lórí àjà. Báàgì oníhò ńlá kan ṣoṣo tí wọ́n da gbogbo nǹkan sí kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀la, ní ilé ẹlòmíì, ni oníṣẹ́ tó ń lò ó máa tó mọ̀.

Ní ti bó ṣe wúwo tó, HSE, àjọ tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi kílò 25 ṣe ìtọ́sọ́nà fún ọkùnrin tó ń gbé ẹrù mọ́ra ní ìbàdí, ó fi 16 sílẹ̀ fún obìnrin. Ìdajì àpò sìmẹ́ńtì wa ni 25 yẹn. Tó bá jẹ́ pé èèyàn fẹ́ gùn àkàbà tòun ti ẹrù náà, ó gbọ́dọ̀ fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Àwọn tó ń ra kòkó ní òṣùwọ̀n, wọn ò sì ní gbowó lọ́wọ́ yín láti gbé báàgì kan kọ́ ọ.

Ẹni tó ní mọ́tò, tàbí tó ń bá ọ̀gá tó ní mọ́tò ṣiṣẹ́, ló lè ra àpótí onírọ́bà. Ẹ ṣí i, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìdérí rẹ̀ láàárín. Bó bá wọnú bí ìdérí ike búrẹ́dì, ẹ fi sílẹ̀, torí àwọn èèyàn á jókòó lé e lórí ní sáìtì, ẹ ò lè ní kí wọ́n má jókòó. Ẹ wo ìdí ìdìmú, ibẹ̀ ló ti ń ya. Òfìfo ni àpótí máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí òfìfo tó ń wúwo. Ẹ ní kí ọlọ́jà kó páálí ìṣó sínú rẹ̀, kí ẹ wá gbé e nílẹ̀, kí ẹ sì mì í. Tí ìdìmú bá ń dún, tí ìdérí ń ṣí díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ti rí ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ nìyẹn. Ìdè onírin, ìyẹn ohun tó ń mú ìdérí mọ́ àpótí, sàn ju onírọ́bà lọ, àmọ́ irin tí wọ́n gún mọ́ rọ́bà fẹ́lẹ́ ò sàn ju ohunkóhun lọ.

Lára àwọn kan, ẹ ó rí lẹ́tà IP àti nọ́ńbà méjì lẹ́yìn rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ nípa eruku, èkejì nípa omi. IP65 túmọ̀ sí pé eruku ò lè wọlé rárá, omi tí wọ́n sì fi rọ́bà wọ́n sí i lára ò lè wọlé. IP67 lè wà nínú omi tó jìn tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Fún òjò Ilé-Ifẹ̀ àti ti Iléṣà, IP65 ti tó. Tí kò bá sí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ìdérí bo etí àpótí mọ́lẹ̀ kọjá, kí omi lè máa ṣàn síta, àbí orí etí lásán ló gbé jókòó.

Àwọn àpótí tó ń so mọ́ra wọn ńkọ́? Ilẹ̀ Jámánì ni Systainer ti jáde lọ́dún 1993. Milwaukee ti Amẹ́ríkà gbé Packout tirẹ̀ jáde ní 2017, DeWalt náà ní ToughSystem. Àpótí kan á há mọ́ orí èkejì, ẹ ó wá fa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó dára ni, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìdè ilé-iṣẹ́ kan kì í sábà bá ti èkejì mu, nítorí náà ẹni tó bá ra ọ̀kan ti fẹ́ ilé-iṣẹ́ yẹn tòun ti ìdílé rẹ̀. Ó gbówó lórí, mọ́tò ló sì wà fún. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó fi owó yẹn ra mítà gidi àti dírílì gidi. Àpótí lásán tí Ingco, Total tàbí Tolsen ń ṣe, tó bá yege ìdánwò tí mo sọ lókè yẹn, máa ṣiṣẹ́ fún un.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o: rọ́bà ọ̀dà onílítà 20 tó ní ìdérí jẹ́ ọ̀kan lára ohun ìkẹ́rù tó dáa jù ní sáìtì. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ sá a gbẹ. Kílíìpù, sùkúrúù, sọ́kẹ́ẹ̀tì, páìpù kéékèèké, gbogbo rẹ̀ wọ ibẹ̀, òjò ò ní kàn wọ́n, èèyàn á tún jókòó lé e. Ike kéékèèké tí inú rẹ̀ hàn síta ni kí ẹ kó àwọn sùkúrúù sí kí ẹ tó kó wọn sínú rọ́bà, ẹ ò ní dà á sílẹ̀ kí ẹ tó rí ẹyọ kan.

Púlọ́ńbà kan tí mo mọ̀ ní Iléṣà tún ní ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn. Ó gé páìpù PVC oní-íńṣì mẹ́rin, ó fi gúlúù lẹ ìdérí mọ́ ìdí rẹ̀, ó fi èyí tó ń ṣí sórí, ó wá so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀kadà rẹ̀. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì olómi, ẹnu dírílì gígùn àti ayùn irin ló ń wọ inú ẹ̀. Aṣọ àkísà ló fi dí ìsàlẹ̀ kí nǹkan má bàa máa gbá ara wọn. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì ò yẹ kó sùn sínú àpótí kan náà pẹ̀lú òòlù rárá. Bí irin bá kan irin, ọ̀kan á tẹ̀ fún ọ̀kan, lẹ́fẹ́ẹ̀lì ló sì máa ń tẹ̀. Ẹ ò ní rí i lójú, ara ògiri tó wọ́ ni ẹ ó ti rí i.

Bátìrì dírílì tí kì í lo wáyà, lítíọ́ọ̀mù ni, ooru ló ń pa á. Ẹ má fi sílẹ̀ nínú búùtù mọ́tò tó wà nínú oòrùn, ẹ má sì gbé àpótí dúdú tó wà nínú rẹ̀ sínú oòrùn ọ̀sán. Ẹ wá ike kékeré kan fún òun nìkan. Tí ìṣó tàbí ègé wáyà bá dé ẹnu irin rẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, iná lè ràn níbẹ̀. Oníṣẹ́ tó ń ju bátìrì sáàárín ìṣó, iná ló ń gbé kiri.

Ìpẹtà ńkọ́? Láti bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, òjò ò fi wá sílẹ̀ lágbègbè yìí. Àpótí tí wọ́n dé mọ́ ẹrù tútù burú ju èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lọ, torí omi inú rẹ̀ ò ríbi lọ. Kí ẹ nu irinṣẹ́ gbẹ kí ẹ tó kó o wọlé, kí ẹ fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ nu ojú irin fẹ́ẹ́rẹ́, kó má kan ìdìmú onírọ́bà. Àwọn pàkẹ́ẹ̀tì funfun kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, ẹ má jù wọ́n nù. Omi inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń mu.

Ó ku àpótí tó ń sùn ní sáìtì. Èyí, ẹ má rà á. Ẹ lọ bá wẹ́dà. Ẹ béèrè irú páànù tó fẹ́ lò: géèjì 16 nípọn tó mìlímítà kan àtààbọ̀, géèjì 20 ò tó mìlímítà kan, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ ni páànù ń fẹ́lẹ́. Mi ò ní gba géèjì 20 fún àpótí tó máa sun ìta. Ẹ ní kó fi híńjì sí inú, kí olè má rí orí rẹ̀ gé. Kó fi irin ṣe ilé kékeré bo àgádágodo, tí ọwọ́ lè wọ̀ ṣùgbọ́n tí ayùn irin ò ní rí àyè fà. Kí ìdérí dagun díẹ̀ kí omi má dúró lórí rẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga nílẹ̀ tó búlọ́ọ̀kù kan ní ìdùbúlẹ̀. Kó dá ihò méjì sí ìsàlẹ̀ láti inú, tí ẹ ó gba ibẹ̀ fi bóòtù dè é mọ́ kọnkéré ilẹ̀. Àpótí tí a kò dè mọ́lẹ̀, àwọn mẹ́ta á gbé e lọ tòun ti àgádágodo rẹ̀, wọ́n á lọ ṣí i níbi tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Síbẹ̀, ohunkóhun tí olè lè tà láàárín wákàtí kan, ẹ gbé e relé: dírílì, mítà, ẹ̀rọ ìgé irin, bátìrì. Àìtètè mú olè ló ń sọ olè di ẹni tó ń mú olóko, torí náà ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí ẹ rà á, kí ẹ sì fín orúkọ sí ara rẹ̀. Ọ̀dà ṣeé fọ̀ kúrò, orúkọ tí a fín ò tètè parẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Bí ilé bá ti dé òrùlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ìlẹ̀kùn sí yàrá kan ṣoṣo, kí ẹ fún oníṣẹ́ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń kó gbogbo irinṣẹ́ wá láàárọ̀ tó tún ń kó o lọ lálẹ́, aago mẹ́ta ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kó o, ẹ̀yin lẹ sì ń san owó ọjọ́ yẹn. Ẹ jọ sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé ta ló máa san án tí nǹkan bá sọnù nínú yàrá yẹn: onílé ni, mègáàdì ni, àbí oníṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé tí ẹ kọ owó iṣẹ́ sí, kí oníṣẹ́ sì fi fọ́tò ohun tó wà nínú àpótí ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp lọ́jọ́ tó gbé e wọlé.