Bí wọ́n bá ká oògùn ẹlòmíràn mọ́ yín lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé oògùn olóró nìkan ló ń gbéni dé kóòtù. Nínú iṣẹ́ agbẹjọ́rò tí mò ń ṣe, àwọn tí àánú wọn ń ṣe mí jù ni àwọn tí kò fọwọ́ kan kokéènì rí, tí wọ́n kàn gba kóró oògùn ìrora mẹ́rin lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wọn. Dókítà ló kọ oògùn ọ̀hún, kẹ́mísì ló tà á. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Codeine, tramadol àti oxycodone tó jẹ́ oògùn ìrora, pẹ̀lú diazepam àti alprazolam tó wà fún àìbalẹ̀ ọkàn, wà lára àwọn oògùn tí òfin ń ṣọ́ lójú méjèèjì ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, torí pé wọ́n máa ń di bárakú. Òfin kò ní kí ẹnikẹ́ni má lò wọ́n. Ẹni tí dókítà kọ ọ́ fún ló ní kó lò ó. Ní Amẹ́ríkà, ìkìlọ̀ kan gbọ́dọ̀ wà lára ike ọ̀pọ̀ nínú wọn, pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí aláìsàn tó ni ín. Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀, ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìtọ́ lẹ́ẹ̀kínní lè fi ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún kan jura, owó ìtanràn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní $1,000. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀wọ̀n náà lè tó ọdún 2 fún diazepam tàbí tramadol, kó sì tó ọdún 5 fún codeine.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ̀gbọ́n tó fúnni wà nínú ewu ju àbúrò tó gbà á lọ. Bí kọ́bọ̀ ò tiẹ̀ kọjá láàárín wọn, òfin lè ka fífúnni sí pípín oògùn kiri, ìjìyà ìyẹn sì le gan-an.

Ẹ̀sùn kì í ṣe ìdálẹ́bi o. Ààbò tó lágbára jù ni ìwé dókítà tó jẹ́ orúkọ yín. Bí ike rẹ̀ bá ti sọnù, àkọsílẹ̀ ṣì wà ní kẹ́mísì àti ní ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò yín tètè gbà á. Bó bá jẹ́ oògùn ìyá yín tí ẹ jọ ń gbé lẹ gbà wá fún un, òfin Amẹ́ríkà mọ̀ pé èèyàn lè gba oògùn lọ́nà tó tọ́ fún ará ilé rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1971 náà ní àwíjàre fún ẹni tó gbà á kó lè fà á lé ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á lọ́wọ́, bí kò bá fi falẹ̀.

Agbẹjọ́rò ìjọba tún ní láti fi hàn pé ẹ mọ̀ nípa oògùn náà àti pé ó wà ní ìkáwọ́ yín. Ká ní ẹ̀yin mẹ́rin lẹ wà nínú ọkọ̀, tí ike kan wà lábẹ́ ìjókòó. Pé ẹ jókòó sítòsí rẹ̀ nìkan kò tó. Àmọ́ bí káàdì báǹkì yín bá wà nínú àpò kan náà, tàbí tí ẹ ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè oògùn lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí ibòmíràn.

Bí ọlọ́pàá ṣe rí i náà ṣe kókó. Ní Amẹ́ríkà, Àtúnṣe Kẹrin sí ìwé òfin ilẹ̀ náà kò fàyè gba títú ẹrù aráàlú láìnídìí, adájọ́ sì lè kọ ẹ̀rí tí wọ́n bá rí lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti sọ pé kí wọ́n máa tú u, ẹ ti fọwọ́ ara yín ju ààbò yẹn nù. Ẹ kọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ẹ má bá wọn fa nǹkankan.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣàyẹ̀wò kóró náà, torí ojú lásán kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èyí lè gbà yín, ó sì lè dá kún ọ̀ràn, nítorí fentanyl, oògùn ìrora kan tó lágbára gan-an, ti wọ inú ayédèrú tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ẹnu ló ń ba ọ̀pọ̀ ẹjọ́ jẹ́. “Ọ̀rẹ́ mi ló fún mi” ni gbólóhùn tí wọ́n máa ń rò pé yóò yọ wọ́n. Nínú rẹ̀, wọ́n ti jẹ́wọ́ pé àwọn mọ̀ nípa oògùn náà, pé kì í ṣe tàwọn, wọ́n sì ti fa ọ̀rẹ́ wọn wọ ẹjọ́. “Ara ló ń ro mí” náà kì í ṣe àwíjàre. Ẹ sọ orúkọ yín, kí ẹ ní ẹ fẹ́ rí agbẹjọ́rò, kí òun sì sọ fún yín bóyá kí ẹ sọ̀rọ̀ tàbí kí ẹ dákẹ́.

Ẹni tó ń rìnrìn àjò, kó fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú ike tó bá a wá. Kó má sì rò pé ìwé dókítà ilé rẹ̀ yóò tó níbi gbogbo: Japan kò gbà kí wọ́n kó amphetamine, oògùn kan tó ń ta ọpọlọ jí, wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́. Ẹ béèrè ní ẹ́ńbásì wọn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.