Kí Ẹ Tó Yáwó Ṣe Másítà Orí Ayélujára

Lẹ́yìn ìpàdé àwọn olùkọ́ ni obìnrin kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fẹ́ yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi ṣe másítà lórí ayélujára. Mo bi í pé, "Ìpele wo lẹ wà lẹ́nu iṣẹ́?" Ó ní ìpele 12. Mo tún bi í pé, "Èló ni yóò fi kún owó oṣù yín?" Ó dákẹ́.

Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú fọ́ọ̀mù. Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà, ìpele 7 ni wọ́n ń gba ẹni tó ní NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, sí, ẹni tó ní dìgírí bẹ̀rẹ̀ ní 8, ẹni tó ní másítà ní 9. Olùkọ́ tó wà ní ìpele 8 lè tipa bẹ́ẹ̀ rí ìgbéga. Ẹni tó ti dé 12 ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Ohun tí másítà lè ṣe fún un ni kó gbè é lẹ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá ọ̀gá iléèwé, tàbí kó mú un dé kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ láti máa kọ́ni níbẹ̀. Ohun ńlá ni, àmọ́ owó oṣù tó ń bọ̀ kọ́ ni, oṣù tó ń bọ̀ sì ni gbèsè yóò máa kanlẹ̀kùn. Tó bá jẹ́ iléèwé aládàáni lẹ wà, ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé-ìwé, kí ẹ sì jẹ́ kó kọ ìdáhùn náà sínú ìwé.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ẹni tó ka kẹ́mísìrì ní yunifásítì, tí kò kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rí, tó tún lọ ń náwó sórí másítà kẹ́mísìrì. PGDE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn dìgírí, ni TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kódà England, tó ṣílẹ̀kùn QTS, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tiwọn, fún àwọn olùkọ́ Nàìjíríà ní oṣù kejì 2023, dìgírí, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ àti ó kéré tán ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ wà lára ohun tó ń béèrè. Kò béèrè másítà.

Ẹ má ka owó iléèwé nìkan. Ní NOUN, yunifásítì ìjọba tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn, TMA, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kí ìdánwò tó dé, ń kó máàkì 30, ìdánwò ń kó 70, ibùdó ìdánwò lẹ ó sì ti lọ ṣe é. Owó ọkọ̀ nìyẹn. Dátà ń bẹ, epo jẹnẹrétọ̀ ń bẹ, owó títẹ iṣẹ́ ìwádìí ń bẹ. Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sílẹ̀ ni owó lẹ́sìn. Olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ mẹ́fà ní ìrọ̀lẹ́ yóò fi wọ́n sílẹ̀ láti lè kàwé, àwọn òbí wọn á wá ẹlòmíràn, ọmọ tó bá sì ti lọ ṣòro láti dá padà. Ẹ ṣírò rẹ̀ ní oṣooṣù fún gbogbo àsìkò ẹ̀kọ́ náà. Mo ti rí ibi tó ti ju owó iléèwé lọ.

Kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó gbà yín síṣẹ́. Mo mọ ọkùnrin kan tó parí ẹ̀kọ́ tán kó tó gbọ́ pé kò gbàyè kó tó bẹ̀rẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀ ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà dòní.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2022 sọ pé olùkọ́ lè ṣiṣẹ́ dé ọmọ ọdún 65 tàbí kó lo ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ẹ wádìí bóyá ìpínlẹ̀ yín ti gbà á. Ọdún tó kù fún yín ló máa sọ bóyá owó náà á padà wá.

Obìnrin náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ló wu òun láti lọ. Mo ní kó yan másítà tí NUC, àjọ tó ń ṣàbójútó yunifásítì, fọwọ́ sí, tó sì lè gbé e dé PhD. Kò yáwó mọ́. Lẹ́tà ìwé àṣẹ ló kọ́kọ́ kọ, ó sì ń fi owó lẹ́sìn pamọ́ de sáà àkọ́kọ́.