Bí Wọ́n Ṣe Ń Mọ̀ Pé Àga Akẹ̀yìnsíwájú Ti Kéré fún Ọmọ

Àga akẹ̀yìnsíwájú ni àga ọmọdé inú mọ́tò tí ọmọ ń jókòó sí, tó sì kẹ̀yìn sí iwájú mọ́tò. Tí wọ́n bá ń wò ó bóyá ó ti kéré, ẹsẹ̀ ni ojú máa ń kọ́kọ́ rí. Ọmọ á ti pé ọdún kan ó lé díẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á ti máa kan ẹ̀yìn síìtì mọ́tò, orúnkún á ká, màmá àgbà tó jókòó tì í á sì ní, "Ẹ yí ọmọ yìí síwájú jàre, ara ń ni ín." Ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Kíká orúnkún kì í ni ọmọdé lára. Bí wọ́n ṣe ń jókòó ṣeré nílẹ̀ náà nìyẹn. Ọjọ́ orí nìkan kò sì tó. Ibi tí orí ọmọ dé lára àga àti iye kílò tó wọ̀n ni kí ẹ máa wò. Èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé òpin nínú méjèèjì, àga yẹn ti kéré nìyẹn.

Ọrùn ló fa gbogbo rẹ̀. Orí ọmọ tuntun tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ara rẹ̀. Eegun ọrùn rẹ̀ kò tíì gan tán, iṣan tó so wọ́n pọ̀ ṣì ń fà. Tí mọ́tò tó ń sáré bọ̀ láti Ṣàgámù sí Abẹ́òkúta bá ṣàdédé kọlu nǹkan níwájú, mọ́tò á dúró, ṣùgbọ́n ara àwọn tó wà nínú rẹ̀ á ṣì máa lọ. Ọmọ tó bá kọjú síwájú, okùn àga á di àyà rẹ̀ mú, orí á fò síwájú, ọrùn nìkan ni yóò sì fà á dúró. Ti ọmọ tó bá kẹ̀yìn síwájú, orí, ọrùn àti ẹ̀yìn á jọ rì mọ́ ara àga lẹ́ẹ̀kan náà, agbára ìkọlù á sì pín káàkiri. Iṣẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ ìyá àgbà ń ṣe ní ìpàkọ́ ọmọ tuntun nígbà tó bá ń wẹ̀ ẹ́ ni àga yẹn ń ṣe.

Bertil Aldman, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Sweden, ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1969, lẹ́yìn tó ti wo bí àwọn tó ń lọ sójú òfuurufú láti Amẹ́ríkà ṣe ń fi ẹ̀yìn gba agbára ọkọ̀ wọn. Ní Sweden títí dòní, ọmọ ọdún mẹ́rin tó ṣì kẹ̀yìn síwájú kì í ṣe ohun ìyanu. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ ní 2011 pé kí ọmọ pé ọdún méjì kí wọ́n tó yí i. Ní 2018, wọ́n yọ ọjọ́ orí kúrò, wọ́n ní kó wà bẹ́ẹ̀ títí yóò fi dé òpin ohun tí àga rẹ̀ lè gbà.

Orí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ àga Amẹ́ríkà ló ń fẹ́ kí ínṣì kan, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5, ṣẹ́kù láti àtàrí ọmọ dé etí òkè àga. Àwọn àga mìíràn ní òfin tiwọn, ìwé tó bá àga wá ló sì ń borí. Ẹ gbé ìwé pẹlẹbẹ lé etí òkè àga, kó nà wá sókè orí ọmọ, kí ẹ wo àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀. Agbárí ni kí ẹ wọ̀n o, kì í ṣe irun. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di ṣùkú fún lè jọ pé ó ga ju àga lọ, bẹ́ẹ̀ ó ṣì kù ú kù.

Kílò wà lára sítíkà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àga, ibẹ̀ gan-an ni tòkunbọ̀ ti ń ṣini lọ́nà. Àga Amẹ́ríkà máa ń kọ pọ́ùn: 30 tàbí 35 fún àga kékeré onímímú, ìyẹn èyí tó ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e (bíi kílò 13.6 tàbí 15.9), èyí tó tóbi lè dé pọ́ùn 40 sí 50. Àga Yúróòpù àtijọ́ ń kọ kílò, 13 ló sì wọ́pọ̀ fún àga ọmọ ọwọ́. Òfin Yúróòpù tuntun, R129, ń fi gíga ọmọ ṣe òṣùwọ̀n, kò sì gbà kí ọmọ kọjú síwájú kó tó pé oṣù 15. Ẹni tó bá ka pọ́ùn sí kílò ti fi ìlọ́po méjì àti lé tan ara rẹ̀. Tí ẹ ò bá ní òṣùwọ̀n ọmọdé nílé, kí àgbà kan gbé ọmọ gun òṣùwọ̀n, kó tún dá gùn ún, kó yọ èkejì kúrò nínú èkíní.

Nínú àga onímímú, gíga ló sábà máa ń kọ́kọ́ kún, kílò á ṣì wà nílẹ̀. Ibí yìí ni àṣìṣe tó burú jù ti ń wáyé. Pé àga onímímú ti kéré kò túmọ̀ sí pé ọmọ ti tó kọjú síwájú. Àga ńlá tó ṣì lè kẹ̀yìn síwájú ló kàn. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń fo ìpele yìí.

Kí ẹ tó dájọ́, ẹ wo bí àga ṣe dùbúlẹ̀ sí. Ilà kan wà lára rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ tẹ́jú, ilẹ̀ títẹ́ sì ni wọ́n ti ń wò ó. Ẹ má wò ó níbi tí mọ́tò ti dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀bá Olúmọ, irọ́ ni yóò pa. Okùn èjìká náà gbọ́dọ̀ ti ojú ihò tó bá èjìká dọ́gba tàbí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jáde. Síìtì iwájú tí báàgì afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ibi àga akẹ̀yìnsíwájú rárá.

Àga tòkunbọ̀ tí sítíkà rẹ̀ ti ṣí, tí kò sí nọ́ńbà tàbí ọjọ́ ìparí nídìí rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ òpin rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Tí ọmọ bá wá dé òpin kíkẹ̀yìnsíwájú nínú àga ńlá, tí ẹ fẹ́ yí i síwájú, okùn èjìká á sún sókè, kó bá èjìká dọ́gba tàbí kó gà jù ú. Bẹ́líìtì mọ́tò á gba ojú ọ̀nà kejì tí wọ́n kọ sára àga. Okùn tó wà lẹ́yìn àga, tí ọ̀pọ̀ ń ká jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, á so mọ́ ìkọ́ irin. Nínú ọ̀pọ̀ Corolla àti Camry, ìkọ́ yẹn wà lórí pèpéle ẹ̀yìn síìtì, lábẹ́ ìdérí ike kékeré kan tí wọ́n ń fi èékánná ṣí.